Ọ̀nà Wíwọ́ Lábẹ́ Tábìlì Aránṣọ

Kékeré ń wọ́ páálí bọ̀ lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ nígbà tí ìyá rẹ̀, aránṣọ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sì tún ọ̀nà rẹ̀ tò kó lè tọ́.

Ìrépé aṣọ ni ọ̀nà ọ̀hún. Ọmọ náà ti ń tò ó láti àárọ̀, pupa tẹ̀ lé àwọ̀ ewé, láti ẹsẹ̀ maṣíìnì títí dé ìdí àga àwọn oníbàárà. Ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹni tó ti ń ránṣọ láti ọdún mọ́kànlá kì í rí etí aṣọ tó wọ́ kó gbójú kúrò. Ọwọ́ ló ṣe é, kì í ṣe ọkàn.

Kékeré wo ọ̀nà náà. Ó fi páálí sílẹ̀, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan. Kò sunkún. Ìyẹn ló ba aránṣọ lẹ́rù.

Ìyá Tíṣà, ìyá ọkọ rẹ̀, ń wò wọ́n láti orí àga. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìdálẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ lórí fóònù: ohun tí Màmá bá sọ labẹ gé. Bí Ìyá Tíṣà bá ní ọmọ náà ò kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ aránṣọ, òun ni yóò mú un lọ lónìí.

"Ìyàwó, kí ni ọmọ ọdún mẹ́rin ń ṣe láti àárọ̀?"

"Ó ń ṣeré, mà."

"Eré. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń kọ orúkọ ara wọn."

Ó yọ ohun ìṣeré oníke kan nínú báàgì. Kékeré tẹ̀ ẹ́, ohun ìṣeré náà kọrin ení, èjì. Ó tún un tẹ̀, ó kọ orin kan náà.

"Kí ló tún lè ṣe?" ni Kékeré bi í.

"Ohun tó ń ṣe náà nìyẹn," ni Ìyá Tíṣà wí. "Ó yá, ka ení, èjì fún mi."

Ọmọ náà gbé e sílẹ̀. Ó tún yíjú sí ọ̀nà tó ti tọ́ náà.

Aránṣọ kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìrépé padà. Kò rántí ibi tí ọ̀kankan ti wà. Ó ṣíwọ́.

"Mo ti bà á jẹ́. Má bínú."

"Ọmọ lò ń bẹ̀?" ni Ìyá Tíṣà wí. "Ó kù kó o kúnlẹ̀ fún un."

"Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, mà."

Ìyá Tíṣà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Kó aṣọ ọmọ jáde."

Aránṣọ kò dìde. "Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mà. Kí èmi àti ẹ̀yin má sọ nǹkan kan."

"Bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"Màá kó o."

Ó jókòó nílẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan kí wọ́n má baà tún ṣe tinú wọn. Ó fẹ́ sọ pé, "Kékeré, kọ́ ilé fún Màmá àgbà." Ó gbé e mì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá. Ó di márùn-ún. Ìyá Tíṣà ti ń de báàgì rẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, Kékeré fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ti ìrépé kan. Ó ti òmíràn. Ọ̀nà náà tún wọ́, ó wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó gbé ohun ìṣeré oníke, ó da ojú rẹ̀ dé sáàárín ọ̀nà, ó sì rọra wọ́ páálí gba orí rẹ̀ kọjá.

Ìyá Tíṣà fẹ́ sọ̀rọ̀. Aránṣọ wò ó. Ìyàwó kì í wo ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà pa ẹnu dé.

"Màmá àgbà, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Inú odò lẹ wà."

"Odò wo?"

"Èyí tó gé ọ̀nà. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi wọ́. Mọ́mì ò mọ̀."

Ìyá Tíṣà gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́nì kan. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ o, odò jìn."

"Ó jìn tó ibo?"

Ọmọ náà rò ó. "Ó mu yín dé ọrùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń bọ̀."

Páálí náà ò yára. Ìyá àgbà di àga mú, kò gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn, nígbà tó ń lọ, ni Ìyá Tíṣà ti sọ̀rọ̀.

"Kó wà lọ́dọ̀ rẹ títí yóò fi pé ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni màá mú un."

"Ẹ ṣé, mà."

"Má dúpẹ́. Mi ò sọ pé mo fara mọ́ ọn."

Ọdún kan àti oṣù méje ló kù.