Ẹkún Ìdánwò

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá," ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà wí, kò tíì jókòó tán. "Ọmọ yín ti kú. Ẹ má bínú. Ṣé ẹ ní ìbéèrè?"

Obìnrin kan ló jókòó sórí àga oníke níwájú rẹ̀. Ó ń wo ẹnu ọmọ náà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó ti jáde. Nígbà tó yá, èjìká rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀ láìsí ariwo kankan.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?" ni ó bèèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà wo àjà, ó wo ilẹ̀. "Gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe la ṣe, màmá."

"Mo ní ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Agogo dún. Ọmọbìnrin náà fò dìde bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, màmá," fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọmọ fún, ó sì sáré jáde.

Fèrèsé onídígí dúdú kan wà lára ògiri yàrá náà. Ẹni tó wà nínú kò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń rí ohun gbogbo. Àwọn méjì ló jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní máàkì. Ọ̀kan jẹ́ dókítà àgbà láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìgbìmọ̀ ló rán an wá láti wo ẹ̀kọ́ náà, kó sì sọ bóyá kí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ tàbí kí wọ́n dà á nù. Ẹnì kejì ni ẹni tó ni ẹ̀kọ́ náà gan-an, nọ́ọ̀sì kan tó fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ tó wá di olùkọ́. Ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́ ìlera ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Màmá Ìwà.

"Haà, Màdáàmù," ni dókítà àgbà wí, ó ń nu awò ojú rẹ̀. "Níbo lẹ ti rí òṣèré yìí? Èmi gan-an, díẹ̀ ló kù kí omi bọ́ lójú mi."

"A wá a ni, sà," ni Màmá Ìwà dáhùn.

"Ìbéèrè tó ń bi wọ́n yẹn, pé ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ta ló kọ ọ́ fún un? Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìdánwò ọdún tó ń bọ̀ o. Ìbéèrè gidi ni."

Màmá Ìwà dojú kọ ìwé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń kà á. Kò sẹ́ni tó kọ ìbéèrè náà fún obìnrin yẹn. Kì í sì í ṣe òṣèré. Aránṣọ ni. Àbúrò Màmá Ìwà ni, ọmọ ìyá kan náà, èyí tó fẹ̀yìn pọ̀n. Ọmọ rẹ̀ kú lóòótọ́ ní ọdún tó kọjá, ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé débẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Màmá Ìwà ti ń bẹ àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn lò: bí wọ́n ṣe ń gba àṣẹ lẹ́nu aláìsàn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, bí wọ́n ṣe ń pa àṣírí mọ́, bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ láìfi ọ̀rọ̀ pa ẹni tó kù. Àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà. Olùkọ́ iṣẹ́ abẹ dìde nípàdé, ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹni tí ìyá rẹ̀ kò bá sì kọ́ níwà, kí ni olùkọ́ fẹ́ rí ṣe sí i? Ó ní, "Àánú kì í rán ojú ọgbẹ́ o, abẹ́rẹ́ ni." Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Màmá Ìwà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sinmi ẹ̀bẹ̀, títí wọ́n fi ní kó lọ dán an wò.

Nígbà àkọ́kọ́, òṣèré orí ìtàgé kan ni wọ́n gbà wá. Bí wọ́n ṣe sọ fún bàbá yìí pé ọmọ rẹ̀ kú, ńṣe ló gbé ara rẹ̀ lulẹ̀, ó yí láti ògiri dé ògiri, ó ń gbé àwọn ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀ ṣépè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ran gbogbo wọn. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà so rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí Màmá Ìwà fi gba ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ lọ lọ́dún yìí.

"Ṣé ẹ wá wọn aṣọ ni?" ni àbúrò bèèrè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ló ń rán. "Ẹ jẹ́ n lọ wá okùn tó gùn. Ìdí yẹn ti kúrò ní kékeré."

"Ìdí ìyá wa ni, ìwọ náà ń bọ̀ níbẹ̀. Jọ̀ọ́, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́."

Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Kò tíì débì kan nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ ìránṣọ fi dákẹ́.

"Kí n wá jókòó, kí wọ́n máa sọ fún mi pé ọmọ mi kú?"

"Eré ni. Ìwọ náà mọ̀ pé eré ni. Àwọn ọmọ yẹn máa rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára rẹ, wọn ò ní ṣe ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ṣe ọ́."

Àbúrò rẹ̀ fi eyín já òwú. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ní kí n wá, ṣé èmi á wá ní mi ò wá ni?"

Màmá Ìwà gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ó dúpẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó bí sáà bá ti wọlé: Ẹni tí kò lè sọ pé rárá kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì ní kí wọ́n kà á sókè. Bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí ń pè é láti ẹ̀yìn, kò sì wẹ̀yìn. Ó mọ ìdí tó fi jẹ́ pé àbúrò òun lòun yàn. Ó mọ̀ pé ẹkún rẹ̀ kò ní jẹ́ ẹkún eré. Ohun tó sì ń wá gan-an nìyẹn, kí Ọlọ́run má bínú sí i.

Lọ́jọ́ ìdánwò yìí, àtàárọ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti ń dá a lẹ́bi. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ kọ́kọ́ dé, ó ti pa páńdà sójú, ó ní, "Ẹ má fòyà, ẹkún wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ." Gbogbo páńdà náà ni omijé ti fọ̀ lọ báyìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ti jáde, á fi etí ìró nu ojú, á tún jókòó dáadáa, á tún máa retí ẹni tó máa wá pa ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Sà, ṣé ká jẹ́ kó sinmi díẹ̀?" ni Màmá Ìwà bi dókítà àgbà.

"Ìsinmi kẹ̀? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lára ni. Bí ti àwọn yòókù bá lọ báyìí, mo ti mọ ohun tí mo máa kọ fún ìgbìmọ̀. Ẹ̀kọ́ yín dúró nìyẹn."

Ẹ̀kọ́ yín dúró nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí Màmá Ìwà ti ń fi gbogbo ẹnu bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ó na ọwọ́, ó tẹ agogo. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ni ojú ara rẹ̀ tì í.

Ẹni tó kàn ni akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kíláàsì. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ló ń wà tẹ́lẹ̀ kó tó wá kàwé, ewú ti ń jáde lórí rẹ̀, ìwé kò sì tètè yé e. Ó wọlé, ó fi ṣòkòtò nu ọwọ́ tó ń làágùn, ó jókòó.

"Ẹ káàsán, màmá. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó... tó ń tọ́jú ọmọ yín." Ó gbójú sókè. Bí ó ṣe rí ojú obìnrin náà, gbogbo ohun tó kọ́ sórí fò lọ.

"Ẹ sọ ọ́," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

"Màmá, mo... Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n bá yín pe ẹnìkan ni? Ṣé ẹ lẹ́nìkan níbí?"

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin náà rọra yí orí, ó kọjú sí dígí dúdú náà. Kò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Kò ṣẹ́wọ́, kò bẹ̀bẹ̀. Ńṣe ló ń wò ó bó ṣe máa ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kékeré bí ará ìta bá fún un ní nǹkan, kó lè mọ̀ bóyá kóun gbà á tàbí kóun má gbà á.

"Ọkùnrin yìí ti fìdí rẹmi," ni dókítà àgbà wí. "Kò tíì dárúkọ ikú rárá."

Màmá Ìwà fi bírò sílẹ̀. "Àbúrò mi ni, sà."

"Ta ni? Bàbá yìí?"

"Obìnrin yẹn. Kì í ṣe òṣèré. Ọmọ rẹ̀ kú ní ọsibítù, orí ìdúró ni nọ́ọ̀sì kan ti sọ ọ́ fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo mọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú un wá."

Dókítà àgbà yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ó gbà láti wá?"

"Èmi lẹ̀gbọ́n rẹ̀, sà."

Dókítà náà ní àbúrò tirẹ̀ nílé, ìdáhùn náà sì yé e. Ó mí kanlẹ̀. "Màdáàmù, àwọn ọmọ ṣì wà níta. Bí ìdánwò yìí bá dúró lágbedeméjì, kí lẹ fẹ́ kí n kọ? Ẹ mọ̀ pé ohun tí ìgbìmọ̀ máa fi dà á nù ni wọ́n ń wá."

"Ẹ kọ ohun tí ẹ rí," ni ó wí, ó sì dìde.

Bí ó ṣe wọ yàrá náà, Bàbá Kíláàsì fò sókè. "Màmá, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé mo ti fèélì."

"O ò fèélì. Lọ gba atẹ́gùn."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó fa aṣọ fèrèsé bo dígí. Àbúrò rẹ̀ ti ń fi etí ìró nu ojú kíákíá.

"Ṣé mo bà á jẹ́ ni? Ẹ má bínú, bàbá yẹn ló ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sunkún, ìyẹn ló dà mí lójú rú."

"Ìwọ kọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Kò yẹ kí n mú ọ wá rárá. Dìde, ká máa lọ sílé. O ò tún ní sunkún níbí mọ́."

Àbúrò rẹ̀ kò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi."

"Mi ò lé ọ. Mo ní kí o lọ sinmi ni."

"Ibí nìkan ni wọ́n ti jẹ́ kí n sunkún." Kò fi ìjà sọ ọ́. "Nílé, bí ojú mi bá ti fà ro, bàbá àwọn ọmọ á ní kí n má pe ibi mọ́ra. Àwọn oníbàárà á ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ wí?"

Ó rántí. Iṣẹ́ kò jẹ́ kó tètè lọ nígbà náà. Nígbà tó sì lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti báàgì léjìká, ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá ó ti jẹun. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ náà ni, kò sì sí èpè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀, òun ló fi ọ̀rọ̀ dídùn dí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. Ó wá tún mú un wá síbí, ó ní kó máa sunkún gba máàkì fáwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀bi tó ti ń jẹ ẹ́ láti àárọ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. "Màdáàmù," ni ohùn dókítà àgbà, "àwọn ọmọ ń bèèrè o."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìdánwò ti parí, sà."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ dókítà náà ń jìnnà, ó sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ òun ló ń bá a lọ. Ó fa àga àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra, ó jókòó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ ló wá sí i lẹ́nu, pé ẹ̀yìn ọ̀la á dáa, pé kó mọ́kàn le. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Àbúrò rẹ̀ wò ó. "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀," ni Màmá Ìwà wí. Omi ti dé ojú òun náà. "Mi ò bèèrè rí."

Àbúrò rẹ̀ mi orí. Láti àárọ̀, ìdáhùn àkọ́kọ́ tí kò ti inú ìwé wá nìyẹn.

"Ọmọ mi nírun púpọ̀," ni ó wí. "Ẹ̀yin ò rí i tó bẹ́ẹ̀. Mo rán fìlà fún un, kò wọ̀ ọ́ lórí, irun ti pọ̀ jù. Mo wá tú u pé kí n fẹ̀ ẹ́ sí i. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, mi ò tíì rán an tán."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sún àga mọ́ ọn sí i, ó ń gbọ́.