Ẹnu Ọ̀nà Dọ́rọ́tì

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí Ìbíyẹmí ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Òyìnbó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìparí rẹ̀ fi wọ inú òkun. Gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀ ló ń mí. Ọ̀gá wọn, obìnrin Òyìnbó kan, gbé ìwé àṣẹ iṣẹ́ Ìbíyẹmí sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ẹyin.

"Òfin ilé yìí ni pé orúkọ lásán la fi ń pe kálukú," ni ọ̀gá wí. "Pe ìyá inú yàrá keje ní Dọ́rọ́tì. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, màá fọwọ́ sí ìwé rẹ. Bí kò bá ṣí, wàá padà sílé lónìí."

Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni Dọ́rọ́tì.

Adémákinwá, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti ṣe tirẹ̀ tán. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ti di ẹ̀wù òtútù, ó wọ̀ ọ́, ó sì bá a mu. "Ẹ pè é jàre, àǹtí," ó ní. "Èmi pe bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún ní Jọ́ọ̀jì, àrá ò sán pa mí."

"Ìyá rẹ ni ò tíì gbọ́," Ìbíyẹmí dá a lóhùn.

Síkírátù, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn tí kò pe orúkọ, tí kò sì kọ̀, ti wà níwájú ilẹ̀kùn tirẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Yìnyín ti bò ó dé ọrùn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Ìbíyẹmí la ẹnu. Orúkọ náà dé ètè rẹ̀, ó di ẹyẹ, kò sì fò. Ìyá rẹ̀, tó ti kú láti ọdún mẹ́fà, gba inú ògiri wọlé nínú aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìlá.

"Ta lo fẹ́ pè lórúkọ?"

"Ìyá àgbà kan ni, Màámi. Wọ́n ní bí mi ò bá pè é, n óò padà sílé."

"Ilé ṣì wà níbẹ̀, kò lọ síbì kan," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì ṣí ìwé orin rẹ̀.

Ìbíyẹmí mú ẹyẹ náà kúrò lẹ́nu, ó fi lé ọ̀gá lọ́wọ́. Olúwa tó ní ká bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá kò sọ pé àṣẹ náà dópin ní ìlú Òyìnbó. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ilẹ̀kùn náà kò ṣí. Òun náà kúnlẹ̀ ni. Èyí tó tẹ̀ lé e kúnlẹ̀, títí dé inú òkun. Dọ́rọ́tì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi èdè Ìgbómìnà tó já gaara dáhùn pé òun sùn, ọmọ òun.

Ìwé àṣẹ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì ṣeé gbé. Kí ọ̀gá tó lè fọwọ́ sí i, ó di dandan kí òun náà kúnlẹ̀.