Orúkọ Tó Wà Ní Àtìmọ́lé

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì lẹ́nu ọ̀nà àtìmọ́lé. Wọ́n ń ró wọnran, wọ́n ń ró wọnran. Ó mú èkíní, kò wọlé. Ó mú èkejì, ó gbé e sójú oòrùn, ó wò ó. Ọkàn mi ń bá wọn ró. Ọkọ mi, jáde. Jáde kí n rí ọ.

Ọmọ wa wà láyà mi, ó ń sùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ láyé nìyí, kò sì tíì lórúkọ. Àlejò là ń pè é láti Sátidé tó kọjá. Nílé yín, bàbá ọmọ ló ń kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìwọ náà wá fi orúkọ pamọ́ sẹ́nu. Mo bẹ̀ ọ́, o rẹ́rìn-ín. Mo fi iyán tàn ọ́, o jẹ ẹ́ tán, o nu ẹnu nù. Ní báyìí, orúkọ ọmọ mi wà ní àtìmọ́lé pẹ̀lú rẹ.

Ẹ̀bi àwa méjèèjì ni. A ń ka ọjọ́ ọmọ, a kò ka ti oṣù. A kà á lówùúrọ̀, a kà á lálẹ́, kò sẹ́ni tó rántí pé Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù lòní, ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni kì í yọjú sí títì kí aago mẹ́wàá tó lù. Aago méje lo jáde lọ gba oyin ìsọmọlórúkọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Àwọn wolé-wolé àti ọlọ́pàá pàdé rẹ lóríta, ìwọ àti ìgò oyin nìkan lójú títì. Ẹ̀rín ń pa mí, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Ta ló ń mú èèyàn nítorí pé ó ń rìn?

Ìgò náà rèé lórí káńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì rẹ. Oòrùn gba ojú wíńdò wọ inú rẹ̀, ó ń dán yinrin.

Wọ́n ní bí onídùúró tó kọ́lé kò bá dé kí aago méjìlá tó lù, ó di Ọjọ́ Ajé, tí kóòtù bá jókòó. Ọjọ́ Ajé! Ọjọ́ kẹjọ á ti kọjá lórí ọmọ mi lófo. Ni mo bá ránṣẹ́ pe Bàbá Olúfọ́nmi, onílé wa, ẹni tí kì í dìde lórí àga rẹ̀ bí òjò tilẹ̀ ń pa á. Ó dìde lónìí. Ó tilẹ̀ sáré wá, ìwé ilé lábíyá, fìlà lọ́wọ́. Ó ti buwọ́ lùwé béèlì kí wọ́n tó fi ibi tí wọ́n ń buwọ́ lù hàn án. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì báyìí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kọ́kọ́rọ́ kẹta kò wọlé. Ẹ̀kẹrin wọlé. Ó yí. Gbàgà!

Wò ó, ìwọ rèé. Ẹsẹ̀ lásán, ò ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, irun rúdurùdu. O rẹwà lójú mi. Inú mi dùn débi pé n kò mọ ibi tí màá fi ara sí. Má wulẹ̀ wá bàtà. N kò ní jẹ́ kó o délé kó o tó pe orúkọ ọmọ, n kò fọkàn tán títì yẹn mọ́. Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló ṣí ìgò. O ti ìka bọ oyin, o fi kan ètè ọmọ, ẹnu kékeré náà ń lá, ó ń lá.

O tẹrí ba, o pè é sí i létí. O tún gbóhùn sókè kí n lè gbọ́: Moyọ̀sọ́rẹ.

Mo pè é. Bàbá Olúfọ́nmi pè é. Sájẹ́ǹtì náà pè é, kọ́kọ́rọ́ ń ró wọnran lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó tún ti padà, àwọn tó kù nínú àtìmọ́lé, tí onídùúró tiwọn kò tíì dé, pè é lóhùn kan: Moyọ̀sọ́rẹ.