Ẹni tí a Kò Gbé Dìde

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kò sì sí ọmọ ìlú tí kò mọ òfin rẹ̀: ẹni tó bá dá ẹnìkejì rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ na ọwọ́ gbé e dìde, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án ṣáájú rẹ̀. Bí ẹni tí a gbé dìde bá padà kú, ìjàkadì ló pa á, kò sẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a kò gbé dìde bá kú, ẹni tó dá a ló pa á.

Àṣàkẹ́ mọ òfin yìí dáadáa. Ohun tó wà lọ́kàn Àṣàkẹ́ ló ju òfin lọ.

Nígbà tí wọ́n ń tẹ́ irin rélùwéè wọ Ọ̀fà, òkúta ńlá kan yí lu Fáṣakin, ọkọ rẹ̀. Àwọn lébìrà ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbé e kúrò nínú oòrùn, ṣùgbọ́n Ògúnlàdé tí òyìnbó fi ṣe olórí wọn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ." Kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ náà, Fáṣakin ti kú. Ògúnlàdé ò tilẹ̀ yà kí opó. Ẹni tó bá ní irú èyí máa ń tán nínú èèyàn, kò tíì ṣẹlẹ̀ sí i rí ni.

Àṣàkẹ́ ní ọmọkùnrin kan, Ọdẹ́dìran. Ògúnlàdé náà ní Ajíbádé, ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni Àṣàkẹ́ fi bọ́ ọmọ tirẹ̀ fún ìjàkadì bí ẹni ń bọ́ àgbò ọdún, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń fi àgbò ọdún ṣe.

Nígbà tí ọdún ìjàkadì kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lọ bá Ọ̀ṣungbèmí, ìyá àgbà tó ń bọ Ọ̀ṣun létí odò, ó bi í bóyá Ọdẹ́dìran máa dá Ajíbádé. Ìyá náà wo omi pẹ́.

"Ọmọ rẹ máa dá a," ló wí. "Ṣùgbọ́n kó gbé e dìde o. Bí kò bá gbé e dìde, irin tó gba bàbá ló máa gba ọmọ."

Àṣàkẹ́ dúpẹ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ló gbé délé, ó da ìyókù nù sọ́nà. Ó ní ọmọ òun ò ní ṣiṣẹ́ rélùwéè láéláé, báwo ni irin ṣe fẹ́ gbà á?

Láàárọ̀ ọjọ́ ìjàkadì, ó ń fi òrí pa ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó wá ní, "Bí o bá dá a, má na ọwọ́ sí i. Ta ló gbé bàbá rẹ?"

Ọdẹ́dìran bi í pé òfin wá ńkọ́. Ìyá rẹ̀ fèsì pé òfin ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí Fáṣakin wà nínú oòrùn. Ọmọ tó ń gbọ́ ti ìyá rẹ̀ ni Ọdẹ́dìran.

Ìjà náà ò pẹ́. Ọdẹ́dìran gbé Ajíbádé sókè, ó là á mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ wọ inú iyẹ̀pẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì wọ́. Gbogbo ojú ń retí ọwọ́ Ọdẹ́dìran. Ó ká a sẹ́yìn. Ògúnlàdé kúnlẹ̀ láàárín èrò, ó ní, "Mo bẹ̀ ọ́, gbé e." Ọdẹ́dìran wo ìyá rẹ̀. Àṣàkẹ́ mi orí pé rárá, ó sì dùn mọ́ ọn dénú eegun. Nígbà tí àwọn àgbà fi máa rú òfin, tí wọ́n yí Ajíbádé padà, kò mí mọ́.

Láyé àtijọ́, àwọn àgbà ni ì bá jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ayé ti di ti òyìnbó. Òyìnbó bi àwọn àgbà léèrè òfin ìjàkadì, wọn ò sì lè purọ́. Òyìnbó dá Ọdẹ́dìran lẹ́bi, ó ní ìlú mìíràn ni wọ́n ti máa yẹgi fún un, ọkọ̀ ojú irin ni yóò sì gbé e lọ.

Ìgbà tí Àṣàkẹ́ rí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tó ń gòkè sínú ọkọ̀, ló tó rántí ìdajì ọ̀rọ̀ tó dà nù. Ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Àwọn obìnrin sáré wá láti gbé e.

Ògúnlàdé ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Kò pariwo.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Iṣẹ́ ń lọ."

Àwọn obìnrin náà fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó sì gbéra. Àṣàkẹ́ wà nílẹ̀ nínú oòrùn, kò bẹ ẹnikẹ́ni.