Ìdajì Ràmọ́tà

Ràmọ́tà kò kàwé, ta ló sì ń bi í? Fatihah, ọmọ rẹ̀, ló ń kọ́ṣẹ́ tíṣà n'Ìjagun. Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé ọmọ náà ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò kíkọ́ni. Bó bá tún kùnà lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gboyè jáde, òun á máa wò wọ́n lẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí Ràmọ́tà fi ti ìsọ̀ bàtà rẹ̀ n'Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tó ru àpò bàtà òkìríkà kan lọ sílé ìwé tí Fatihah ti ń kọ́ni l'Ódògbolú. Ó gbé e kalẹ̀ tán, ó yẹ kó máa lọ. Lílọ wo? Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíláàsì ló dúró sí.

Fatihah to bàtà méjìméjì sórí tábìlì. Ó ní bí kúrómósómù ṣe rí nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa nìyẹn, àwọn okùn tíntìntín tó ń gbé ìrísí òbí fọ́mọ: mẹ́rìndínláàádọ́ta, bíi bàtà mẹ́tàlélógún tó pé ẹsẹ̀ méjì. Èyí tó pé méjìméjì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní dípúlọ́ìdì. Ọ̀gbẹ́ni Aaron, tó wá fún un ní máàkì, jókòó sẹ́yìn, ó ń kọ̀wé.

Ni ọmọbìnrin kan bá nàwọ́. Ó ní bí bàbá bá mú mẹ́rìndínláàádọ́ta wá, tí ìyá náà mú iye kan náà wá, kí ló dé tí tọmọ kò di méjìléláàádọ́rùn-ún?

Fatihah tún bẹ̀rẹ̀ sí í to bàtà tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ti gbá ohun tó mọ̀ lọ. Ràmọ́tà fẹ́ dá sí i, àmọ́ bó bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti ba tọmọ rẹ̀ jẹ́. Ló bá bọ́ ẹsẹ̀ kan sálúbàtà rẹ̀, ó gbé e sókè lójú fèrèsé.

Ó yé ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan bàtà ni Ràmọ́tà máa ń pàtẹ, ìkejì á wà nínú ìsọ̀, torí olè wo ló máa jí bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan? Fatihah mú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú bàtà orí tábìlì. Ó ní bí àtọ̀ bàbá ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyin ìyá: mẹ́tàlélógún péré, ẹsẹ̀ kan kan, hápúlọ́ìdì. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé ni bàtà ọmọ tó pé.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí kíláàsì parí, Ọ̀gbẹ́ni Aaron bi Fatihah ta ni obìnrin tó ń gbé bàtà sókè lọ́jọ́ ìdánwò. Ràmọ́tà ti fẹ́ yẹra. Fatihah ì bá pè é ní ẹni tí òun kò mọ̀.

"Màmá mi ni, sà. Bàtà ni wọ́n ń tà. Ìdajì ohun tó wà lára mi, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti gbà á."

Ọ̀gbẹ́ni Aaron kọ méjìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó fi hàn án. Ó yíjú sí fèrèsé, ó kí Ràmọ́tà kú oríire, ó ní kó bá òun kí bàbá ọmọ náà, torí bàbá ló ni ìdajì yòókù.

Orí Ràmọ́tà wú bí ìgbà tí wọ́n fi í jẹ Ìyá Àdínì ní mọ́sáláásí.

"Mo máa bá yín kí i, sà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìdajì tèmi ló sọ̀rọ̀ lónìí."