Ẹsẹ̀ Àga Bàbá

Ọmọlúàbí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ni kì í pè é ju Bọ̀ọ̀dá lọ, nítorí iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni obìnrin náà ń ṣe, òun ló sì ń fọ ọrùn ẹ̀wù funfun tí ọkùnrin náà ń wọ̀ káàkiri.

Ká má purọ́, ó mọ̀ ọ́n kí. Bó bá rí àgbàlagbà lókèèrè, á ti gbé báàgì sílẹ̀, á nà gbalaja sínú eruku, á béèrè ọmọ, á béèrè ìyàwó, á béèrè orúnkún tó ń dunni látọdún tó kọjá. Kó tó kí ọ tán, wàá ti gbàgbé pé o fẹ́ bi í ìdí tí kò fi yọjú níjọ́ tí gbogbo ilé jáde wá kó gọ́tà. Irú wọn pọ̀ láyé. Wọ́n kọ́ ìwà rere bí èèyàn ṣe ń kọ́ ijó: wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sí, orin gan-an ni wọn ò gbọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí ni pé ó kúrú.

Bàbá wọn ní tirẹ̀ ga bí òpó iná. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní kí káfíńtà kan àga onígi kan fún òun tó máa gba ẹsẹ̀ òun, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, ibẹ̀ ló ti ń wo ìgboro, tó ń bú àwọn awakọ̀ tí kò mọ ọkọ̀ wà. Kò sẹ́lòmíì tí àga náà bá lára mu. Bí Bọ̀ọ̀dá bá jókòó sí i ní kọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fì dirodiro bíi ti ọmọ tí wọ́n gbé sórí àga onígbàjámọ̀.

Ìgbà tó yá, Bàbá ṣubú ní balùwẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Dókítà ní òun ò lè sọ ibi tó máa já sí. Ọmọlúàbí lè sọ ọ́.

"Ká múra sílẹ̀ ni o," ló ń wí fún àwọn tó ń wá kí wọn, lórí àga Bàbá, pẹ̀lú ojú tó rọ bí aṣọ tútù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń fì yẹn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà níyì. Ta ni yóò ka olórí ẹbí sí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, alágbàfọ̀ ti ibi ẹ̀rọ omi dé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú pálọ̀, tó dojú àga Bàbá délẹ̀, tí ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ń mì ni," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Mo ń tún un ṣe."

Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dé ètè obìnrin náà, á sì padà. Ó gbé omi rẹ̀ kọjá. Nígbà tó yá, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ìyẹ̀fun igi náà dànù, inú sì bí i sí ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi gbá a.

Àfi bí Bàbá ò ṣe kú. Ayé yìí ò ṣe é fọkàn tẹ̀, àní fún ẹni tó ń dúró de òkú. Ó padà wálé pẹ̀lú ọ̀pá, ó rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì gòkè wá bá a láyà.

"Kí ló ṣe àga yìí? Ó rẹlẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá ti kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. "Àga ò rẹlẹ̀, Bàbá mi. Àìsàn yẹn ni. Á máa jẹ́ kí nǹkan yí lójú yín. Ẹ má ronú."

Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fún ọmọdé lóògùn. Ó ń sọ ọ́ níta náà: "Ẹ bá wa gbàdúrà o, orí Bàbá ti ń dàrú." Àwọn ará àdúgbò á mi orí, wọ́n á ní ọmọ tó tún ara rẹ̀ bí nìyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá pe ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ìwọ, ṣé fèrèsé yìí ti ga tó báyìí tẹ́lẹ̀? Mi ò rí ìgboro mọ́."

Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀. Ó padà. Látọjọ́ náà, ọkùnrin tó mọ gbogbo kọ́nà ojú títì lórí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kó lè rí i dájú pé òun ò ṣìnà.

Ni Bọ̀ọ̀dá bá ránṣẹ́ pe Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wọn, kó wá jẹ́rìí: kí Bàbá kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ pé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Aránṣọ tó ń gbé lódìkejì wá gba aṣọ tó ní kí wọ́n lọ̀ fún òun, bó ṣe gbọ́ ohun tó ń lọ, ó wá àyè jókòó. Alágbàfọ̀ dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń lọ ẹ̀wù funfun Bọ̀ọ̀dá, ó ń bu omi sẹ́nu, ó ń fọ́n ọn sára aṣọ kó tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e.

"Kì í ṣe pé a fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ yín o, Bàbá," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Ìtọ́jú ni."

"Ọmọ gidi," ni Bàbá Kékeré wí.

Bàbá wolẹ̀. "Bóyá òótọ́ lẹ ń sọ. Èmi náà ò mọ̀ mọ́. Fèrèsé ń ga mọ́ mi lójú." Ó fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ṣòkòtò, orúnkún tó ká sókè ò jẹ́ kí ọwọ́ wọlé. Bọ̀ọ̀dá sáré gbé e dìde.

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀, kò padà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó sórí àga yẹn."

"Èmi? Lórí àga Bàbá, níṣojú Bàbá? Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí láyé mi!"

"Jókòó," ni Bàbá wí.

Ọmọlúàbí kì í kọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu níwájú àlejò. Ó jókòó. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ gbà mí o! Ṣebí orí àga yìí lẹ wà níjọ́ tí mo wá kí yín kú ìnira, tẹ́sẹ̀ yín ń fì bí agogo? Àbí àìsàn Bàbá ló na ẹsẹ̀ yín?"

Bàbá Kékeré ní kí Bọ̀ọ̀dá dìde, ó dojú àga délẹ̀, ó wo ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Igi ibẹ̀ ṣì funfun, kò ní ọ̀dà kankan. "Ta ló gé e?"

"Ó ń mì ni," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Mo fẹ́..."

Bàbá ò gbọ́ tirẹ̀. Ó fi ọ̀pá rìn dé ojú fèrèsé, ó nàró, ó wo ìgboro pẹ́ títí. "Fèrèsé wà níbi tó wà," ó wí fún ara rẹ̀. Ó wá yíjú padà. Kò jágbe. Bí èèyàn ṣe ń wo ohun tó lẹ̀ mọ́ bàtà ló ṣe wò ó.

"Gbé àga rẹ, kó o máa lọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ó bá ẹsẹ̀ rẹ mu."

Báyìí ni Ọmọlúàbí gbé àga lérí, ó bọ́ sí ìgboro. Kò tíì rìn jìnnà tí bàbá arúgbó kan fi rí i. "Ẹ wo ọmọ! Ó ń gbé àga bàbá ẹ̀ lọ tún ṣe lọ́jọ́ ìsinmi! Ọlọ́run, fún wa nírú ẹ̀!" Bọ̀ọ̀dá sọ àga kalẹ̀, ó nà gbalaja, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ.

Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó mí kanlẹ̀. "Síbẹ̀ náà, ẹ ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n kí. Àbí irọ́ ni mo pa?"

Alágbàfọ̀ ti bu omi sẹ́nu. Ó na ẹ̀wù funfun náà sórí tábìlì, ó wo ọrùn rẹ̀ dáadáa, ó sì tu omi náà sí i, fùú.