Ọṣẹ, Òbúkọ àti Kànga Móróyè

Mo lá àlá kan lóru àná tó rẹ̀ mí ju iṣẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná.

Ẹ mọ̀ pé ọṣẹ ni mò ń polówó kiri láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá délé, mo máa ń kọ ìtàn àdúgbò wa, Ìdí-Ahùn. Òní ni ìgbìmọ̀ ìwé ìlú máa gba ìtàn kẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí orúkọ Móróyè wọ inú ìwé yẹn, torí òun ló gbẹ́ kànga wa. Tíṣà Olátẹ́jú, alága wọn, ní bàbá òun àgbà ló gbẹ́ ẹ. Tíṣà yìí kan náà ló sọ lójú gbogbo kíláàsì pé n kò ní lè kọ lẹ́tà kan láyé mi. Prámárì mẹ́rin ni mo wà nígbà náà. N kò padà lọ mọ́, n kò sì gbàgbé.

Nínú àlá náà, ọ́fíìsì wa ń léfòó lókè ìlú, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ. Mo gun okùn dé ibi ìpàdé. Ọ̀gá wa, Arábìnrin Fọlárìn, na ọwọ́.

"Ìròyìn ọjà dà?"

Ìwé ìtàn ni mo fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣì í mú," ni ọṣẹ inú àpò mi wí.

"Dákẹ́." Ó ti rẹ̀ mí jù láti padà sílé.

Ọ̀gá kà á. "Ta ni Móróyè? Ṣé ó ń ra ọṣẹ wa?"

"Ó ti kú, mà. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tó ti kú."

"Kí lo wá ń fi í ṣe?"

"Mò ń kọ ọ́, mà."

Inú bí i, ó tú okùn. Dípò kí ọ́fíìsì fò lọ, ó rọra bà sí ẹ̀bá kànga. Tíṣà Olátẹ́jú jókòó níbẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì há etí.

"Ìsáǹsá prámárì mẹ́rin, gbé e wá kí n máàkì í."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, ìwo yọ, ó di òbúkọ. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, àgbà ṣì ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé mi. "Àmì ohùn kò pé," ó ń wí, ó ń jẹ lọ. Ó wá ku ojú ewé Móróyè nìkan.

"Ẹ fi mí pa ojú ewé yẹn lára," ni ọṣẹ wí.

Mo fi í pa á. Òbúkọ gé e jẹ, ẹnu rẹ̀ hó yeye. Orúkọ Móróyè wà lára gbogbo ìhó tó ń jáde, wọ́n sì ń fò bo ìlú.

"N kò lè gbé e mì," ni òbúkọ wí.

"Èmi náà kò tíì gbé ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ sí mi ní kíláàsì mì, sà."

Mo jí. Orí tábìlì ni mo sùn sí, bébà lẹ̀ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo ṣí i kúrò. Oorun ti fi ọwọ́ mi so ìpolówó wa mọ́ ìtàn: "Móróyè ló gbẹ́ kànga Ìdí-Ahùn. Ó ń hó dáadáa, kì í sì í ha ara."

Mo mú báírò kí n pa gbólóhùn kejì rẹ́. Àmọ́ gbogbo omi ìlú yìí ni mo ti fi dán ọṣẹ wò, kò sí èyí tó ń hó bíi ti kànga yẹn. Mo fi í sílẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù iléeṣẹ́, mo mú ìtàn náà gba ilé Tíṣà lọ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Kó kà á. Bí kò bá wù ú, kó jẹ ẹ́.